Ìdànù omi ìdọ̀tí ní kíláàbù gọ́ọ̀fù

Ìdànù omi ìdọ̀tí ní kíláàbù gọ́ọ̀fù ni ètò tí kíláàbù kan fi ń kó omi tí ó ń jáde láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ilé ìwẹ̀, ilé ìdáná àti ilé ọtí rẹ̀, tí ó ń fọ̀ ọ́ mọ́, tí ó sì ń dà á sí ibi tí kò ti ní pa ènìyàn, ẹja tàbí ilẹ̀ lára. Ọ̀pọ̀ pápá gọ́ọ̀fù ni ó wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí páìpù omi ìdọ̀tí ti ìlú kì í sábà dé. Nítorí náà, kíláàbù fúnra rẹ̀ ni yóò yan ọ̀nà tí yóò gbà. Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wò kí ó tó béèrè iye owó táǹkì: iye omi tí ń jáde ní ọjọ́ tí èrò pọ̀ jù lọ, irú ilẹ̀ àti odò tí ó wà nítòsí, àti òfin. Orílẹ̀-èdè Ìńgílándì ni àpilẹ̀kọ yìí fi ṣe àpẹẹrẹ.

Bí omi ìdọ̀tí kíláàbù ṣe yàtọ̀

Fún ilé gbígbé, 150 lítà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Bìrìtéènì máa ń fi ṣe ìṣirò. Àlejò kíláàbù kì í lo omi tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iye èrò kì í dúró lójú kan. Ní ọjọ́ ìdíje tàbí ọjọ́ ìgbéyàwó, omi a máa ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ní àárín ọ̀sẹ̀ nígbà òtútù, ó lè má tó nǹkan. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń jẹ ìdọ̀tí inú omi nílò oúnjẹ déédéé. Bí omi bá wọ́n jù, wọn a dín kù. Bí ó bá ya wọlé jù, a máa ti ìdọ̀tí tí kò tíì jẹrà jáde. Ìdí nìyí tí a fi ń fi táǹkì ìdádúró sí iwájú, kí omi lè máa wọlé díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rá láti ilé ìdáná gbọ́dọ̀ dúró sínú àpótí tí ń gba ọ̀rá kí ó tó dé táǹkì, nítorí ó máa ń dí páìpù. Omi tí a fi fọ ẹ̀rọ ìgékoríko, tí epo, koríko àti oògùn wà nínú rẹ̀, kì í ṣe omi ìdọ̀tí inú ilé lójú òfin. Ó lè pa àwọn kòkòrò àìfojúrí náà, nítorí náà ètò tirẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ ṣe fún un lọ́tọ̀.

Àwọn ọ̀nà tí ó wà

* Páìpù ìlú: òun ni a kọ́kọ́ ń wò, nítorí iṣẹ́ ìfọ̀mọ́ kì í sí lọ́rùn kíláàbù mọ́.
* Táǹkì sẹ́pítíìkì: ìdọ̀tí a máa rọlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, omi tí ó kù a sì gba inú àwọn páìpù oníhò lọ sínú ilẹ̀ ìmumi. Ilẹ̀ ìmumi gbòòrò, kò sì jìn. Ó yàtọ̀ sí sókàwéè, èyí tí í ṣe kòtò kan ṣoṣo. Kò nílò iná mànàmáná.
* Ẹ̀rọ ìfọ̀mọ́: ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi kí àwọn kòkòrò àìfojúrí lè ṣiṣẹ́. Omi rẹ̀ mọ́ ju ti sẹ́pítíìkì lọ, ṣùgbọ́n ó nílò iná àti àyẹ̀wò déédéé.
* Àbàtà àtọwọ́dá: a máa ń gbin koríko etí omi sí i, ó sì máa ń tún omi tí ó ti inú táǹkì jáde fọ̀.
* Táǹkì tí kò ní ojú ìjáde: ọkọ̀ ni ó ń wá fa gbogbo omi rẹ̀. Owó rẹ̀ kì í tán, nítorí náà òun ni a máa ń yàn gbẹ̀yìn.

Òfin ní Ìńgílándì

Kíláàbù lè da omi ìdọ̀tí inú ilé tí ó tó 2,000 lítà lójúmọ́ sínú ilẹ̀, tàbí 5,000 lítà sínú odò, láìgba ìwé àṣẹ, bí ó bá pa àwọn ìlànà tí ó wà nílẹ̀ mọ́. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àjọ Environment Agency ni yóò fún un ní àṣẹ. Táǹkì sẹ́pítíìkì kò gbọ́dọ̀ da omi rẹ̀ tààrà sínú odò. Àwọn tí ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní láti yí padà kí ó tó di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2020.

Òfin tún béèrè bí páìpù ìlú ṣe jìnnà tó. Fún ilé tí kì í ṣe ibùgbé, a ó pín iye omi ọjọ́ kan ní mítà onígun mẹ́ta (1,000 lítà ni ọ̀kan) sí 0.75, a ó sì fi 30 sọ ọ́ di púpọ̀. Kíláàbù tí omi rẹ̀ jẹ́ 3,000 lítà yóò rí 120 mítà. Bí páìpù ìlú bá wà láàárín ìwọ̀n yìí, kò lè kàn bẹ̀rẹ̀ ìdànù tuntun láìgba àṣẹ. Bí kò bá sí, ìwọ̀n kan náà yìí ti ju èyí tí a lè dà sínú ilẹ̀ láìsí àṣẹ lọ, ṣùgbọ́n kò tíì ju ti odò.

Àyẹ̀wò ilẹ̀

A máa ń gbẹ́ ihò, a ó bu omi sí i, a ó sì ka iye ìṣẹ́jú àáyá tí omi fi ń fà sílẹ̀ ní mìlímítà kọ̀ọ̀kan. Ìlànà ìkọ́lé Ìńgílándì fẹ́ kí ó wà láàárín 12 sí 100. Bí ó bá yá jù, ìdọ̀tí lè dé omi abẹ́ ilẹ̀. Bí ó bá pẹ́ jù, bí ó ti ń rí nínú ilẹ̀ amọ̀, omi yóò dúró sórí pápá. Ilẹ̀ ìmumi gbọ́dọ̀ jìnnà tó mítà 10 sí odò, 15 sí ilé àti 50 sí ibi tí a ti ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ lò. Ọ̀nà ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ gba orí rẹ̀.

Àtúnlò omi

A lè fi omi tí a ti fọ̀ mọ́ dáadáa, tí a sì ti pa kòkòrò àrùn inú rẹ̀, bomi rin pápá. Ní Pebble Beach ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà, Amẹ́ríkà, wọ́n ti ń ṣe èyí láti ọdún 1994. Iyọ̀ inú omi náà kọ́kọ́ ba koríko jẹ́, ó sì di dandan kí wọ́n fi ẹ̀rọ tí ń yọ iyọ̀ kún un. Èyí fi hàn pé omi tí ó mọ́ tó láti dà sódò lè má dára fún koríko.

Ìtọ́jú

Kò sí ọ̀nà tí ó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. A gbọ́dọ̀ máa kó ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ táǹkì, ní ọdọọdún ó kéré tán fún sẹ́pítíìkì, ẹni tí ó forúkọ sílẹ̀ fún kíkó ìdọ̀tí ni ó sì gbọ́dọ̀ gbé e lọ. Bí a kò bá kó o, yóò ṣàn lọ dí àwọn páìpù ilẹ̀ ìmumi, àtúnṣe wọn sì gba pé kí a hú ilẹ̀ pápá.