Ìwé Kan, Ẹran Kan: Bí Ọdẹ Amẹ́ríkà Ṣe Ń Yan Igbó Elk

Ọdẹ ilẹ̀ wa tó bá fẹ́ wọ igbó lóru, ìbọn, àtùpà àti àpò rẹ̀ ló ń yẹ̀ wò kó tó jáde nílé. Ọdẹ ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà tó bá fẹ́ pa elk, ìwé ló kọ́kọ́ ń wá. Bí kò bá rí ìwé yìí gbà lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀, kò gbọdọ̀ yìnbọn, ìbáà jẹ́ pé ẹran náà dúró sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ tó ń jẹ òdòdó ìyàwó rẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ti ń béèrè láti ogún ọdún, tí orúkọ wọn kò tíì jáde. Bó bá sì jáde tán, kì í ṣe ìwé àrìnká o. Ẹkùn igbó kan ṣoṣo tó ní nọ́ńbà ni, ọjọ́ mélòó kan, irú ohun ìjà kan, ẹran kan péré.

Nítorí náà, kí ọdẹ tó ronú ibi tí ẹran wà, ó ní láti ronú ibi tí òun yóò béèrè. Ìpinnu yìí ló ń dá iyàn jíjà sílẹ̀ láàárín ọ̀rẹ́ àti ọ̀rẹ́, láàárín baba àti ọmọ. Ẹ jẹ́ kí á wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tí kò bá mọ ìtàn rẹ̀ yóò rò pé ìjọba kàn ń fìyà jẹ ọdẹ ni.

Ẹran tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán

Ìbátan àgbọ̀nrín ni elk, ṣùgbọ́n ẹ má fojú àgbọ̀nrín wò ó. Akọ rẹ̀ tó dàgbà dáadáa lè wọn 320 kílò. Ìwo orí rẹ̀ a máa yà bí ẹ̀ka igi, ọdọọdún ló sì ń já bọ́ tí òmíràn ń hù. Àwọn Shawnee, tí wọ́n jẹ́ ọmọ onílẹ̀, ló pè é ní wapiti, nítorí funfun tó wà ní ìdí rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé kí òyìnbó tó tẹ̀dó, elk tó wà ní Àríwá Amẹ́ríkà tó mílíọ̀nù mẹ́wàá. Nígbà tí ọgọ́rùn-ún ọdún ogún fi bẹ̀rẹ̀, ìyókù kò tó 100,000 mọ́. Kí ló pa wọ́n? Olóko gba ilẹ̀, onímàlúù gba koríko, ọdẹ alápatà sì ń pa ẹran bọ́ àwọn tó ń la rélùwéè àti àwọn awakùsà. Èyí tó burú jù ni ti eyín. Elk ní eyín méjì lókè ẹnu tó ń dán bí eyín erin. Ẹgbẹ́ ọlọ́lá kan tó ń jẹ́ orúkọ ẹran náà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní New York ní 1868, ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi eyín yìí sára ẹ̀wọ̀n aago wọn. Bí eyín ṣe di owó nìyẹn. Ọdẹ a pa odindi akọ elk, a yọ eyín méjì, a fi òkè ẹran sílẹ̀ fún igún. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ kọ eyín yìí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹran ti lọ.

Ìjọba wá jí. Wọ́n ti ya Yellowstone sọ́tọ̀ ní 1872. Ní 1883 wọ́n fòfin de ọdẹ níbẹ̀, ní 1886 wọ́n kó sójà wọ̀ ọ́ láti máa ṣọ́ ọ. Ní 1912 wọ́n dá ibi ààbò elk sílẹ̀ ní Jackson, ní Wyoming, nítorí ebi ìgbà òtútù ń pa wọ́n bí ẹní pa adìyẹ. Ní Arizona, elk ìbílẹ̀ ibẹ̀ ti parẹ́ pátápátá. Ní oṣù kejì 1913, wọ́n kó elk láti Yellowstone, wọ́n gbé wọn lórí rélùwéè títí dé Arizona, wọ́n sì tú 83 sílẹ̀ nítòsí odò Chevelon. Láti ara ìwọ̀nba yẹn àti àwọn tí wọ́n kó wá lẹ́yìn rẹ̀ ni elk Arizona ti pọ̀ tó ju 30,000 lọ lónìí. Ó di 1935 kí wọ́n tó gba ọdẹ láyè láti pa nínú wọn.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Ẹran tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé wọ̀lú, tí wọ́n dúró lé lórí fún ọdún méjìlélógún, kò ṣeé ṣe kí wọ́n wá ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ní ìbọn wá kó o. Ìdí ìwé nìyẹn.

Ta ló ni ẹran?

Ọ̀rọ̀ yìí ní ẹ̀gbin tirẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ fi bò. Ní 1868, ìjọba Amẹ́ríkà bá àwọn Bannock àti Shoshone ṣe àdéhùn pé wọn yóò máa dẹ igbó lórí ilẹ̀ ìjọba tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Ní 1895, ọkùnrin Bannock kan, Race Horse, pa elk méje ní Wyoming. Wọ́n mú un pé ó rú òfin ìpínlẹ̀. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a lẹ́bi ní 1896: wọ́n ní bí Wyoming ṣe di ìpínlẹ̀ ní 1890, àdéhùn yẹn ti kú. Ní ọdún 1896 yẹn náà, ilé-ẹjọ́ kan náà sọ nínú ẹjọ́ mìíràn pé àwọn ará ìpínlẹ̀ lápapọ̀ ló ni ẹran igbó, ìjọba ló ń bá wọn tọ́jú rẹ̀. Òfin tó gba ẹran lọ́wọ́ oníṣòwò eyín gbà á lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ ló pa á tán.

Ọ̀rọ̀ àlejò tún dé. Ní 1976, ará Montana lè fi dọ́là 9 gba ìwé elk. Ẹni tó bá ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá gbọ́dọ̀ ra àpapọ̀ ìwé tó jẹ́ dọ́là 225. Àwọn kan gbé e lọ sílé-ẹjọ́ pé ìrẹ́jẹ ni. Ní 1978, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní kò sí ìrẹ́jẹ ńbẹ̀: eré ìdárayá ni ọdẹ elk fún àlejò, kì í ṣe ẹ̀tọ́ tí ó so orílẹ̀-èdè pọ̀. Láti ìgbà yẹn, onílé mọ ipò rẹ̀, àlejò mọ tirẹ̀. Ní Arizona, ìwé tó lè bọ́ sọ́wọ́ àlejò kò gbọdọ̀ ju 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní New Mexico, 84 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti onílé, 10 jẹ́ ti àwọn tó gba amọ̀nà, 6 péré ló kù fún àlejò tó dá wá.

Kèké àti póìǹtì

Ìwé kò tó, ọdẹ pọ̀, ni wọ́n bá ń ṣẹ́ kèké. Ọ̀nà tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbà ṣẹ́ ẹ yàtọ̀. Ní New Mexico, kèké lásán ni: ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lónìí àti ẹni tó ti ń bọ̀ láti ọgbọ̀n ọdún, bákan náà ni wọ́n. Ní Colorado, ẹni tí kò bá rí ìwé gbà lọ́dún kan yóò gba póìǹtì kan, ẹni tí póìǹtì rẹ̀ pọ̀ jù ni wọ́n sì ti ń kọ́kọ́ dá lóhùn láti ọdún pípẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn ẹkùn 2, 10 àti 201 wà, ní igun àríwá-ìwọ̀-oòrùn, tí póìǹtì ogún kò tó fi wọ̀ ọ́.

Arizona da méjèèjì pọ̀. Kọ̀ǹpútà yóò fún ọ ní nọ́ńbà kan fún ìwé ìbéèrè rẹ, àti ọ̀kọ̀ọ̀kan fún póìǹtì kọ̀ọ̀kan tó o ní. Èyí tó kéré jù nínú wọn ni tìẹ. Ẹni tó ní póìǹtì mẹ́wàá mú kèké mọ́kànlá lọ́wọ́. Wọ́n sì ya ìdá márùn-ún kan nínú ìwé sọ́tọ̀ fún àwọn tí póìǹtì wọn ga jù. Àyè márùn-ún ló wà lórí ìwé ìbéèrè, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ àti ìkejì ni wọ́n máa ń wò fún gbogbo ènìyàn kí wọ́n tó yíjú sí ìkẹta. Nítorí náà ẹni tó bá kọ ẹkùn ńlá méjì sókè, tó wá fi ẹkùn tó rọrùn sí ìkẹta, ó lè bá a pé ìwé ẹkùn tó rọrùn náà ti tán. Bó o bá sì rí ìwé, póìǹtì rẹ lọ nìyẹn. O di ọmọdé padà.

Èwo ni kí á mú?

Ẹ jẹ́ kí á fi ẹkùn mẹ́ta ní Arizona ṣàpẹẹrẹ. Ẹkùn 9 wà ní gúúsù Grand Canyon, lápá Tusayan. Ilẹ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ga gọngọ, omi sì ṣọ̀wọ́n, torí náà ọdẹ tó bá mọ ibi ìmumi mọ ibi tí ẹran yóò gbà. Ó gbajúmọ̀ fún akọ ńláńlá, ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń béèrè rẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ibẹ̀ ni pé ọgbà ìjọba wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: bí elk bá ti kọjá ààlà sínú ọgbà, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án, yóò sì máa wo ọdẹ bí ẹní wo ìran.

Ẹkùn 1 wà ní Òkè Funfun, ní ìlà-oòrùn. Òtútù àti omi wà níbẹ̀, koríko sì wà. Ní 2011, iná Wallow jó ju 500,000 éékà lọ ní agbègbè náà. Àwọn igi ńlá lọ, koríko tútù sì hù. Láti 1998 ni wọ́n sì ti dá ìkookò Mẹ́síkò padà sí àdúgbò yẹn, torí náà ọdẹ nìkan kọ́ ló ń dẹ elk níbẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni ilẹ̀ àwọn Apache wà. Àwọn ló ń ta ìwé ti ilẹ̀ tiwọn láìsí kèké, fún ẹni tí owó rẹ̀ lè ra mọ́tò. Ní 1983 ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ nínú ẹjọ́ àwọn Apache Mescalero ti New Mexico pé ìpínlẹ̀ kò lè darí ọdẹ àlejò lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹkùn 23 wà lábẹ́ bèbè Mogollon. Àfonífojì jíjìn àti òkè ríro ló kún ibẹ̀. Akọ tó tóbi wà, ṣùgbọ́n ẹ rántí 320 kílò. Ẹni tó bá pa á sí ìsàlẹ̀ àfonífojì ni yóò gé e wẹ́wẹ́, tí yóò rù ú lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí lẹ́ẹ̀márùn-ún gun òkè. Òwe wa kò purọ́: bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pẹran, kò ní fẹ́nikẹ́ni jẹ.

Ọjọ́ náà tún wà níbẹ̀. Oṣù kẹsàn-án ni akọ elk máa ń ké kiri wá abo, etí lásán lè júwe rẹ̀; ìwé ìbọn fún ìgbà náà ló ṣòro jù. Oṣù kọkànlá, akọ ti dákẹ́, ó ti sápamọ́, ìwé rẹ̀ sì rọrùn díẹ̀. Ẹni tó bá lè fi ọfà ta á yóò tètè rí ìwé ju ẹni tó fẹ́ ìbọn.

Dúró tàbí lọ?

Èyí ni kókó gbogbo rẹ̀. Ọdẹ kan lè sọ pé, “Màá dúró de ẹkùn ńlá.” Ó ń kó póìǹtì jọ, ṣùgbọ́n gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kó o jọ, ìlà ń gùn sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ẹni ọgbọ̀n ọdún, orúkọ rẹ̀ wá jáde nígbà tí orúnkún ń dùn ún. Ó sì lè jáde ní ọdún búburú: lẹ́yìn òjò dídì líle ti 2022 sí 2023, ẹran kú púpọ̀ ní àríwá-ìwọ̀-oòrùn Colorado, ìjọba sì gé ìwé àṣẹ ibẹ̀ kù gidigidi. Ọdẹ kejì mú ẹkùn kékeré. Ó lọ léraléra, ó jẹ ẹran, ó mọ igbó, àmọ́ ìwo ńlá lè má kan ògiri rẹ̀ láéláé.

Ìtàn ìwo fúnra rẹ̀ kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Ní 1899, John Plute pa elk kan ní Dark Canyon, Colorado. Orí ẹran náà ló fi san gbèsè ọtí. Ó di 1961 kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, tí ó sì di àkọ́kọ́ láyé: 442 àti ìdá 3/8 íǹṣì. Ní 1968, Alonzo Winters pa tirẹ̀ ní Òkè Funfun, Arizona. Ju ogún ọdún lọ kọjá kí wọ́n tó wọ̀n òun náà, ló bá fi ìdá 2/8 íǹṣì péré ju ti Plute lọ. Ìwo tí gbogbo ayé ń fi póìǹtì wá kiri, olówó gbèsè ọtí ló kọ́kọ́ gbà á.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ ńkọ́? Ní 2014, Herrera, ọmọ Crow, tọ elk láti ilẹ̀ wọn ní Montana wọ inú igbó Bighorn ní Wyoming, ó pa á láìní ìwé. Ó di àdéhùn 1868 tiwọn mú. Ní 2019, adájọ́ márùn-ún borí mẹ́rin ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ: wọ́n ní jíjẹ́ ìpínlẹ̀ Wyoming kò pa àdéhùn náà, ìdájọ́ Race Horse kò sì dúró mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ọdún 123 ló gbà. Ẹ ò rí i pé ìlà kan wà tó gùn ju ti póìǹtì lọ.

Lójú tèmi, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì le, kó mú ẹkùn tó lè wọ̀ lọ́dún méjì mẹ́ta. Ẹni tó bá sì ti dúró pẹ́, kó yan èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbé lónìí, kì í ṣe èyí tó lè gbé nígbà tó kọ́kọ́ béèrè. Ẹni tó lé eku méjì a pòfo. Láti ara 83 tó wọlé ní 1913 ni gbogbo àríyànjiyàn Arizona yìí ti jáde. Bí kò bá sí àwọn tó fara mọ́ ọn pé kí ìbọn dákẹ́ fúngbà díẹ̀, kò ní sí ẹkùn 9, kò ní sí ẹkùn 1, kò sì ní sí ohun tí à ń ṣẹ́ kèké lé lórí.