Kí iléeṣẹ́ tó pinnu, ta ni ń gbọ́ tẹnu òṣìṣẹ́?

A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ilẹ̀ wa, ẹ̀yìn òṣìṣẹ́ ni wọ́n ti máa ń pinnu bóyá kí wọ́n dín èèyàn kù, kí wọ́n kó iléeṣẹ́ kúrò níbi tí ó wà, tàbí kí wọ́n tà á fún ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá ń ti Agbowa gba ọ̀nà Itoikin lọ ṣiṣẹ́ ní Odogunyan ní Ìkòròdú lè dé ẹnu géètì láàárọ̀ kí ó tó mọ̀ pé wọ́n ti pinnu lórí oúnjẹ òun. Kí wá ni òfin sọ?

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀, nítorí pé àwọn agbanisíṣẹ́ fẹ́ràn láti pa wọ́n pọ̀: kí wọ́n sọ fún òṣìṣẹ́, kí wọ́n béèrè èrò rẹ̀, àti kí òun náà ní ìbò níbi tí wọ́n ti ń pinnu. Òfin Nàìjíríà fún òṣìṣẹ́ ní àkọ́kọ́, ó fún un ní díẹ̀ nínú èkejì, kò sì fún un ní ẹ̀kẹta rárá.

Díẹ̀ tí a ní yìí kò sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀run. Ní 1945, nígbà tí ogun ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba béèrè àfikún ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún sí owó ìrànwọ́ wọn. Ìjọba amúnisìn kọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tí ó lé ní oṣù kan. Michael Imoudu, olórí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tí ìjọba ti lé kúrò l'Ékòó láti 1943, ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé ni, òun sì wà lára àwọn tí ó ṣíwájú wọn. Lẹ́yìn èyí, ní 1948, ìjọba gbé àwọn ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní Whitley kalẹ̀, níbi tí aṣojú ìjọba àti ti òṣìṣẹ́ ti ń jókòó sọ̀rọ̀ owó oṣù àti bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ìjókòó ni, kì í ṣe àṣẹ.

Nínú òfin tí à ń lò lónìí, ìpín ogún nínú Òfin Iṣẹ́ ni ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí jù lọ. Ó ní bí agbanisíṣẹ́ bá fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù nítorí pé wọ́n ti pọ̀ ju iṣẹ́ lọ, ó gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ àti iye ẹni tí yóò kàn fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú wọn. Ẹni tí ó dé kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ lọ, bí wọ́n bá ti wo ìmọ̀ iṣẹ́ àti ìṣeéfọkàntán. Kí agbanisíṣẹ́ sì gbìyànjú láti bá wọn dúnàádúrà lórí owó ìdágbére. Ẹ kíyè sí i pé sísọ ni òfin wí. Kò ní kí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ gbà. Òfin àwọn iléeṣẹ́ ti 1990, àti èyí tí ó rọ́pò rẹ̀ ní 2020, tún ní kí àwọn olùdarí máa ro ti àwọn òṣìṣẹ́ mọ́ ti àwọn oníṣíà. Ríronú nípa ẹni àti fífún un ní àga kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ìjọba ológun tilẹ̀ gbìyànjú ọ̀nà mìíràn ní 1977: nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ òkèèrè ń ta ṣíà fún ọmọ ilẹ̀ wa, òfin ní kí wọ́n ya ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ṣíà wẹ́wẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ ọgọ́rọ̀ èèyàn kò lè yan olùdarí kan ṣoṣo.

Ní Jámánì, òfin 1976 ní kí àwọn òṣìṣẹ́ mú ìdajì ìgbìmọ̀ alábòójútó iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá ju 2,000 lọ. Alága, tí ó sábà máa ń jẹ́ ti àwọn oníṣíà, ní ìbò kejì bí ìbò bá dọ́gba. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò ti iléeṣẹ́ pa níbẹ̀ kí òṣìṣẹ́ má rí ìwé ìṣirò.

Ní Agbowa fúnra rẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ abúlé onígẹdú kan kí wọ́n lè kó àwọn onísọ́míìlì Oko Baba ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta lọ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀ kí iná tó jó Oko Baba ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022 tí ó sì tún gbé e dìde. Ẹgbẹ́ onísọ́míìlì ni ó tọ́ kí ìjọba bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ń gbẹnu sọ fún ẹni tí ń ti igi sẹ́nu ayùn àti ẹni tí ń ru pákó, tí kò ní ẹ̀rọ, tí kò sì ní ẹgbẹ́?

Ibẹ̀ ni ìṣòro àwọn kásúà náà ti bẹ̀rẹ̀. Òfin Iṣẹ́ ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ẹni tí kò bá ní ìwé yìí, ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò tiraka kí wọ́n tó lè fi hàn pé òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni.

Àwọn tí ó ní ẹgbẹ́ ní ọwọ́ tí ó le díẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ilé ẹjọ́ máa ń sọ pé àdéhùn láàárín ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti iléeṣẹ́ kò de ẹnikẹ́ni, àfi bí ó bá wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́. Àtúnṣe kẹta sí ìwé òfin ilẹ̀ wa, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní 2011, fi ìtumọ̀ àti lílo irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sábẹ́ ilé ẹjọ́ tí ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́ nìkan. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ bá kọ ọ́ sínú àdéhùn pé iléeṣẹ́ kò gbọdọ̀ kó kúrò tàbí dín òṣìṣẹ́ kù láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ jọ jókòó, ọ̀nà wà láti gbé e lọ síwájú adájọ́. Fún àwọn ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, Ìkòyí ni ilé ẹjọ́ náà wà.