Ikin, Ọ̀pẹ̀lẹ̀ àti Ẹ̀rọ Ayàwòrán

Ọ̀rọ̀ kan ti di àsọdorin láàárín wa: wọ́n ní Ifá ni kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn létí ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò fínnífínní. Ìtàn iṣẹ́ ẹ̀rọ kan ni n ó fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní 1982 ni fíìmù Tron jáde. Ken Perlin, ará Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ohun tí ó kọ ọ́ lóminú ni pé àwòrán kọ̀ǹpútà ń dán jù. Kò rí ṣákaṣàka bí ara òkúta, igi tàbí ìkùukùu. Ó wá gbé ètò ìṣirò kan kalẹ̀, tí a mọ̀ sí noise, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ní 1985. Nínú ètò náà bí a ti mọ̀ ọ́n, nọ́ńbà 256 ni a dàrú sínú àtẹ kan. Ibikíbi tí ẹ̀rọ bá fẹ́ kùn, àtẹ náà ni yóò wò. A kò tọ́jú àwòrán òkúta síbì kankan. Òfin tí ó ń bí i ni a tọ́jú.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo Ilé-Ifẹ̀, níbi tí William Bascom ti ṣèwádìí Ifá ní 1937 sí 1938. Babaláwo a máa fi ọwọ́ kan gbá ikin 16. Bí ẹyọ kan bá kù, yóò tẹ méjì sínú ìyẹ̀rosùn. Bí méjì bá kù, yóò tẹ ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni yóò tẹ̀ ẹ́ kí odù tó pé. Ẹni tí ó bá ṣe ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀mẹjọ, 256 ni yóò gúnlẹ̀ sí. Ìṣirò kan náà ni kọ̀ǹpútà dúró lé, ṣùgbọ́n èyí kò fi hàn pé ẹnì kan kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹnì kejì.

Ọ̀pẹ̀lẹ̀ yá ju ikin lọ. Bí a bá sọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ojú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ a hàn pọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni GPU, ẹ̀rọ ayàwòrán tí a lè kọ òfin tiwa fún láti nǹkan bí 2001. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú àwòrán ni ó ń ṣirò pọ̀, nítorí pé nínú ètò Perlin, ojú kan kì í dúró de èkejì.

Níhìn-ín ni ọ̀nà wọn ti yà. Ìdàrúdàpọ̀ ẹ̀rọ, àfarawé ni: àtẹ kan náà, ibì kan náà, èsì kan náà títí láé. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó tún ṣe pàtàkì jù ni pé, bí nọ́ńbà ẹ̀rọ bá ti di àwọ̀, iṣẹ́ parí. Bí odù bá yọ, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹsẹ Ifá ni babaláwo yóò ki, inú orí rẹ̀ ni ó sì wà. Yíyá ọ̀pẹ̀lẹ̀ kò dín ọdún ìkọ́ṣẹ́ awo kù rí.

UNESCO kéde Ifá ní 2005 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ẹ̀dá. Bí a bá ń pè é ní kọ̀ǹpútà, ojú mẹ́jọ tí ó ń yọ ni à ń yìn, a sì ń gbàgbé ẹsẹ. Ojú mẹ́jọ kò lè sọnù láé, ọmọdé lè tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ ni ó ń bá àgbà wọ ilẹ̀. Òun ni kí a sáré gbà sílẹ̀.