Ìlù Ìṣẹ́jú-Àáyá Méje: Bí Gígé Ìlù Ṣe Ti Ọwọ́ Ènìyàn Dé Inú Kọ̀ǹpútà

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré mọ, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Òwe yìí bá ìlù kan mu, èyí tí ọmọ Amẹ́ríkà kan lù ní ọdún 1969. Gbogbo gígùn ìlù náà kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá méje lọ, síbẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún orin ni wọ́n ti fi ṣe láti ìgbà náà wá. Orí ìlù yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ olórin ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé ìlù sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n sì ń tún un tò bí ó ti wù wọ́n. Ìtàn náà ní apá méjì. Apá kìíní ni ti ọgbọ́n: bí gígé ìlù ṣe kúrò lọ́wọ́ ènìyàn títí ó fi di ohun tí kọ̀ǹpútà ń fúnra rẹ̀ ṣe. Apá kejì ni ti ẹ̀tọ́: kí ni ó kan ẹni tí ó lu ìlù náà?

Orísun Ìlù Náà

Ní ọdún 1969, ẹgbẹ́ olórin kan láti Washington, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ The Winstons, gbé àwo kan jáde. Ojú kìíní àwo náà, "Color Him Father", ni àwọn ènìyàn tìtorí rẹ̀ rà á. Òun náà ni ó gba ẹ̀bùn Grammy. Ojú kejì ni wọ́n fi "Amen, Brother" sí, orin tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Nígbà tí orin yìí dé àárín, fèrè dákẹ́, gìtá dákẹ́, ó wá ku Gregory Coleman nìkan nídìí ìlù.

Ìwọ̀n mẹ́rin péré ni Coleman lù, ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sì ní ìkà mẹ́rin. Ìwọ̀n kìíní àti ìkejì jọ ara wọn. Ní ìwọ̀n kẹta, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn díẹ̀ kí ó tó kan ìlù kékeré, bí ẹni tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ mí kanlẹ̀. Ní ìwọ̀n kẹrin, ó fi ìkà kìíní sílẹ̀ lófo, ó wá ń lù ní ibi tí etí kò retí, kí aro tó dún ṣáájú àkókò rẹ̀. Ìyípadà kékeré wọ̀nyí ni ó mú kí ìlù náà dára fún gígé: ègé kan kò jọ èkejì rẹ̀ tán.

Láti Ọwọ́ dé Inú Ẹ̀rọ

Kì í ṣe orí ìlù Coleman ni ọgbọ́n náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 1973, Clive Campbell, ọmọ Jàmáíkà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Kool Herc, lu àwo níbi àríyá tí òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ṣe ní ilé 1520, Sedgwick Avenue, ní Bronx, New York. Herc ti ṣàkíyèsí pé ibi tí ìlù nìkan bá ti ń dún ni àwọn oníjó ń dúró dè. Ó wá ń fi àwo méjì tí ó jẹ́ ọ̀kan náà sórí ẹ̀rọ méjì. Bí ìlù bá parí lórí èyí, yóò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí ìyẹn. Báyìí ni ohun tí kò ju ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lọ ṣe di ìṣẹ́jú púpọ̀. Ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí ó tẹ̀lé e nìyí: ènìyàn lè yọ apá kan nínú orin, kí ó sì sọ ọ́ di odindi.

Ní ọdún 1986, wọ́n tún "Amen, Brother" tẹ̀ sínú ọ̀wọ́ àwo tí wọ́n pè ní Ultimate Breaks and Beats, ìlù Coleman sì wá wà ní àrọ́wọ́tó ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ. Ní ọdún 1987, ẹ̀rọ E-mu SP-1200 jáde. Ẹ̀rọ yìí lè gba ohùn bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá sínú, kí olórin gé e, kí ó sì fi ègé kọ̀ọ̀kan sábẹ́ bọ́tìnì tirẹ̀. Ẹ̀rọ Akai S950 tẹ̀lé e ní ọdún 1988.

Ìlú London ni gígé náà ti wá gbilẹ̀ jù. Láàárín ọdún 1991 sí 1994, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ àwọn tí ó ti Caribbean wá, mú ìlù Coleman sáré títí ó fi tó ìkà 160 ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n gé e wẹ́wẹ́, wọ́n ń to ègé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lójú kọ̀ǹpútà Atari, wọ́n sì pe orin náà ní jungle. Iṣẹ́ àfọwọ́ṣe ni, ó sì ń gba sùúrù. Ní ọdún 1994, ilé iṣẹ́ Propellerhead ní Sweden gbé ètò kọ̀ǹpútà ReCycle jáde. Ètò yìí ń wá ibi tí ohùn bá ti ta sókè lójijì, ibẹ̀ ni yóò sì gé. Ìlù lè yára tàbí kí ó falẹ̀ láìjẹ́ pé ohùn rẹ̀ ga sí i tàbí kí ó lọ sílẹ̀.

Nígbà tí Ètò Ń Dá Ìpinnu Ṣe

Ó ṣẹ́ ku ìgbésẹ̀ kan: kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ mọ ègé tí ó yẹ kí ó kàn. Ní ọdún 2001, Nick Collins, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó sì ṣe àkójọ ètò kan tí ó pè ní BBCut fún SuperCollider, èdè kọ̀ǹpútà fún orin tí James McCartney gbé jáde ní ọdún 1996.

Bí ọ̀kan nínú ọ̀nà rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti yé ènìyàn. Wọ́n pín ìwọ̀n kan sí ìdá mẹ́jọ. Ètò náà yóò ṣẹ́ gègé mú ègé tí gígùn rẹ̀ jẹ́ iye tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba, bí i mẹ́ta. Yóò lu ègé náà, yóò tún un lù, yóò sì fi ìdá méjì tí ó ṣẹ́ kù dí àlàfo. Ẹni tí ó bá ń pàtẹ́wọ́ lè kà á báyìí: ení, èjì, ẹ̀ta, ení, èjì, ẹ̀ta, ení, èjì. Ó pé mẹ́jọ, ṣùgbọ́n ìlù ti kúrò níbi tí etí fi í sí. Nígbà mìíràn, gègé lè mú un ní ìparí pé kí ègé kékeré kan máa dún léraléra, bí ẹni tí ń kólòlò.

Àwọn kan lè sọ pé bí gègé bá ti wọ̀ ọ́, iṣẹ́ ọnà ti tán níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gègé nìkan, ariwo ni í bí. Òfin tí ó dè é ni ó ń sọ ọ́ di orin, ènìyàn ni ó sì ń ṣe òfin náà: òun ni ó pinnu pé ìwọ̀n gbọ́dọ̀ pé, àti bí kíkólòlò yóò ti wọ́pọ̀ tó. Nínú ẹgbẹ́ dùndún pàápàá, ìyáàlù lè dárà bí ó ti wù ú, nítorí pé gúdúgúdú kò yẹsẹ̀.

Ta Ni Ó Ni Ìlù?

Láti ọdún 1969 títí tí Coleman fi kú, ìlù náà kò mú owó wọlé fún un láti ọwọ́ àwọn tí ó ń gé e. Ní ọdún 2006 ni ó kú, láìnílé, láìlówó lọ́wọ́. Richard Spencer, olórí ẹgbẹ́ náà tí ẹ̀tọ́ orin wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ̀ pé wọ́n ń lo ìlù náà títí di ọdún 1996. Nígbà náà, àkókò tí òfin fún un láti pẹjọ́ ti kọjá. Ní ọdún 2015, àwọn olólùfẹ́ orin dá owó jọ, ó lé ní 20,000 pọ́n-ùn, wọ́n sì kó o fún Spencer. Ó kú ní ọdún 2020.

Àwọn tí ń gbe àwọn agélù sọ pé bí kò bá sí gígé, ta ni ìbá rántí ẹ̀yìn àwo kan? Òótọ́ wà nínú èyí. Ṣùgbọ́n ìrántí kì í ṣe oúnjẹ. Yorùbá ní iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. Coleman ṣiṣẹ́, ìṣẹ́ kò sì tìtorí rẹ̀ fi í sílẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Láti orí àwo méjì Kool Herc títí dé BBCut, ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń ya ìlù kúrò lára orin, wọ́n sì ń fún un ní ìgbésí ayé mìíràn. Ọwọ́ tí ń gé ni ó ń yí padà. Ètò kọ̀ǹpútà lè pinnu ibi tí yóò gé, kò lè pinnu láti fa ọwọ́ sẹ́yìn ní ìwọ̀n kẹta bí Coleman ti ṣe kí ẹnikẹ́ni tó ronú gígé. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Olùkọ́ tí yóò bá kọ́ ọmọ ní ọgbọ́n yìí ní kíláàsì, ó yẹ kí ó kọ orúkọ Gregory Coleman sójú pátákó kí ó tó kọ orúkọ ẹ̀rọ kankan.