Ilé Ẹyẹ Láti Ọwọ́ Ènìyàn: Ìtàn Fọ́nrán àti Amọ̀

Kí ènìyàn tó kọ́ ilé, ẹyẹ ti ń kọ́ ọ. Ẹ̀gà a máa ya ewé ọ̀pẹ ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, a sì fi ẹnu hun ún di ilé tí ń rọ̀ dirodiro. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ a máa bu amọ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ̀ mọ́ abẹ́ òrùlé. Fọ́nrán àti amọ̀ yìí kan náà ni àwọn baba wa ní ilẹ̀ Kétu pò pọ̀ láti fi mọ ògiri: koríko kì í jẹ́ kí amọ̀ là, amọ̀ kì í sì jẹ́ kí koríko tètè jẹrà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹyẹ ni ó mọ ilé kọ́. Òwìwí, odídẹrẹ́ àti àkàlàmàgbò, ihò inú igi ńlá ni wọ́n ń yé sí. Bí a bá gé irú igi bẹ́ẹ̀, ilé ọ̀pọ̀ ọdún ni a wó. Ìtàn ilé ẹyẹ àtọwọ́dá jẹ́ ìtàn bí ènìyàn ṣe ń gbìyànjú láti san gbèsè náà.

Ní Họ́láǹdì àtijọ́, àwọn ènìyàn a máa fi ìkòkò amọ̀ kọ́ ara ògiri kí ẹyẹ lè yé sínú rẹ̀. Kì í ṣe àánú ni ó mú wọn ṣe é. Ọmọ ẹyẹ ni wọ́n fẹ́ kó jẹ. Ní Jámánì, Hans von Berlepsch (1857–1933) rí i pé bí a ti ń mú igi arúgbó kúrò nínú igbó, bẹ́ẹ̀ ni ẹyẹ ń dín kù. Ó yẹ ihò tí ẹyẹ àkókó ń fi ẹnu gbẹ́ wò fínnífínní, ó sì mú kí a gbẹ́ ìtì igi ní ìrísí kan náà. Ní 1899, ó tẹ ìwé kan jáde lórí ààbò ẹyẹ.

Igi gbígbẹ́ ní àléébù tirẹ̀: òjò ń mú un jẹrà, oòrùn ń là á. Nítorí náà ni àwọn oníṣẹ́ Jámánì ṣe po ìyẹ̀fun pákó mọ́ sìmẹ́ǹtì ní ọ̀rúndún tí ó kọjá. Sìmẹ́ǹtì fún un lágbára; pákó mú un fúyẹ́, ó sì ń jẹ́ kí ó mí. Wọ́n tilẹ̀ fi àpòpọ̀ yìí ṣe ilé fún àwọn ẹyẹ ìdílé alápàáǹdẹ̀dẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ó dun ni jù wá láti gúúsù Áfíríkà. Pẹ́ńgúìnì, ẹyẹ òkun tí kì í fò, a máa gbẹ́ ihò sínú ìgbẹ́ ẹyẹ tí ó ti dì gbagidi lórí àwọn erékùṣù, ibẹ̀ ni ó ń yé sí. Ní 1843, ọkọ̀ ojú omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ sí erékùṣù Ichaboe láti ha ìgbẹ́ náà fi ṣe ajílẹ̀ fún oko Yúróòpù. Nígbà tí ó fi di 1845, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ha á tán. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní erékùṣù mìíràn pẹ̀lú. Ẹyẹ di ẹni tí ń yé sínú oòrùn gbangba. Nígbà tí a fi fáíbágíláàsì kọ́ ilé fún un, ooru inú rẹ̀ pọ̀ jù. Láti 2018 ni a ti ń gbé ilé mìíràn sí erékùṣù Dyer: aṣọ líle onípele méjì tí a fi èròjà ìkòkò rẹ́ lára, tí ó ní ihò atẹ́gùn. Aṣọ náà kì í ṣe ti ewéko, ṣùgbọ́n ọgbọ́n fọ́nrán àti amọ̀ ni. Síbẹ̀, ní 2024, àjọ IUCN ka pẹ́ńgúìnì yìí mọ́ ẹ̀dá tí ó wà ní bèbè ìparun.

Kí ni èyí kàn wá ní Idigny? Igi ńlá ń di èédú, oko sì ń gbòòrò. Ẹni tí ń sun èédú kì í ṣe ọ̀tá wa. Oúnjẹ ọmọ ni ó ń wá. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lè po amọ̀ mọ́ koríko, tàbí mọ́ ìhá tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn fífún epo, kí wọ́n so ó mọ́ igi, kí wọ́n sì wọn ooru inú rẹ̀ nígbà ọyẹ́ àti nígbà òjò. Kí wọ́n wo èyí tí ikán jẹ, èyí tí omi wó, èyí tí ẹyẹ gbà.

Ìtàn fi hàn pé ìwòsàn pẹ́ ju ọgbẹ́ lọ: ọdún méjì ni wọ́n fi ha Ichaboe, àtúnṣe kò sì tíì parí títí di òní. Nítorí náà, igi oníhò tí ó ṣì dúró ni kí a kọ́kọ́ dá sí. Àwọn àgbà ní bí a bá ń gé igi nígbó, kí a fi ọ̀ràn ro ara wa wò.