Ọ̀gágun Tó Mọ Aṣálẹ̀

Eruku tí í bo àwọn òkè Ṣábẹ nígbà ọ̀yẹ́, láti aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń fẹ́ wá. Iyanrìn àti òkúta ló kún ibẹ̀. Èèyàn lè rìn fún ọjọ́ púpọ̀ kí ó má rí kànga kan.

Nígbà mìíràn a máa ń gbọ́ nínú rédíò pé ọkọ̀ òfuurufú àwọn ológun já sínú aṣálẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń dánra wò. Irú rẹ̀ kan ti ṣẹlẹ̀ tipẹ́, ní ọdún 1920, nígbà tí àwọn Faransé ń jọba lé wa lórí ní Dàhòmì.

Ọ̀gágun Faransé kan wà tó ń jẹ́ Laperrine. Ó pẹ́ gan-an nínú aṣálẹ̀. Òun ló dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí ń gun ràkúnmí sílẹ̀. Abẹ́ àṣẹ rẹ̀ ni wọ́n wà tí wọ́n fi ṣẹ́gun àwọn Tuareg ti Hoggar ní 1902. N kò yìn ín fún ìyẹn o, ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń wá òyìnbó tó mọ aṣálẹ̀ nígbà náà, òun ni.

Àwọn Faransé fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ̀ òfuurufú lè la aṣálẹ̀ kọjá láti Algeria dé odò Ọya. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì, ọkọ̀ méjì gbéra ní Tamanrasset. Laperrine wà nínú ọ̀kan pẹ̀lú Bernard tó ń wà á àti Vaslin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì ni, àwọn mẹ́ta ló há mọ́ inú rẹ̀.

Wọ́n ṣìnà. Wọn kò rí ọkọ̀ kejì mọ́. Èyí balẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Ménaka, ní Mali ti òní, àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì yè. Ní ti Bernard, epo ń tán lọ, ó ní láti balẹ̀. Iyanrìn ibẹ̀ rọ̀, ọkọ̀ náà sì dojú dé. Eegun èjìká ọ̀gágun ṣẹ́.

Wọ́n kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn láti wá ọ̀nà. Kò ṣeé ṣe, wọ́n padà sídìí ọkọ̀. Wọ́n ń wọn omi mu díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, omi tí wọ́n rọ sínú ẹ̀rọ láti mú un tutù ni wọ́n ń mu. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin tí ẹ ti pọn omi láti ọ̀nà jíjìn rí.

Ọ̀gágun ń rẹ̀ sí i lójoojúmọ́. Wọ́n ní ó sọ fún àwọn méjèèjì pé àwọn èèyàn rò pé òun mọ aṣálẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó kú ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta. Wọ́n sin ín sínú iyanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀.

Bernard àti Vaslin ṣì wà níbẹ̀ fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ọmọ ogun tí ń gun ràkúnmí ló wá bá wọn, Pruvost ni olórí wọn. Wọ́n gbà wọ́n là, wọ́n sì gbé òkú ọ̀gágun padà sí Tamanrasset.