Oògùn Áńtíọ́sídáńtì Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ọkàn: Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Mọ̀

Nígbà tí ará ìjọ kan bá ti ilé ìwòsàn dé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọkàn, àwọn tí ń bẹ̀ ẹ́ wò kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹlòmíràn a mú èso dání. Ẹlòmíràn a mú ìgò oògùn oníhóró, a sì sọ pé yóò fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́, yóò sì tún ọkàn ṣe. Ìfẹ́ ni ó mú un wá. Síbẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó wà nínú ìgò náà kí a tó fi í lé aláìsàn lọ́wọ́.

Kí ni áńtíọ́sídáńtì?

Èyí ni orúkọ àwọn èròjà tí ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ ìpalára tí ọ́síjìn lè ṣe. Fítámì C, fítámì E àti beta-carotene wà lára wọn; selenium pẹ̀lú ń ran ara lọ́wọ́ láti ṣe iṣẹ́ yìí. Kò sí ẹni tí ó lè wà láàyè láìsí ọ́síjìn, ṣùgbọ́n bí ara ti ń lò ó, àwọn ohun kan a máa ti inú rẹ̀ jáde tí wọ́n lè ba ara jẹ́ bí wọ́n bá pọ̀ jù.

Kí ni ó so wọ́n mọ́ iṣẹ́ abẹ ọkàn?

Ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1953, ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, Dókítà John Gibbon ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn àkọ́kọ́ tí ó yọrí sí rere pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń ṣe iṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró. Ní Nàìjíríà, Enugu ni irú iṣẹ́ abẹ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1974. Lọ́pọ̀ ìgbà, a óò dá ọkàn dúró fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá tún padà wọ inú rẹ̀, àwọn ohun apanilára wọ̀nyí a pọ̀ lójijì. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọkàn ẹlòmíràn a máa lù ségesège, èyí tí ó lè fa rọpárọsẹ̀. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe rò pé áńtíọ́sídáńtì lè ṣe ìrànlọ́wọ́.

Kí ni ìwádìí fi hàn?

Ní ti fítámì C, àwọn olùṣèwádìí kó ìdánwò 15 jọ ní ọdún 2017. Nínú àwọn tí a ṣe lẹ́yìn òde Amẹ́ríkà, ọkàn tí ń lù ségesège dínkù. Nínú 5 tí a ṣe ní Amẹ́ríkà, kò sí àǹfààní kankan. Ní ti selenium, ìdánwò ńlá kan wáyé ní Jámánì àti Kánádà, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2023. Ó lé ní 1,400 aláìsàn tí ó kópa. Èròjà náà kò dín ikú kù, kò sì dín ìdíwọ́ iṣẹ́ àwọn ẹ̀yà ara kù. Ní ti fítámì E, ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2000 láàárín àwọn ènìyàn tí ó lé ní 9,000, tí àrùn ọkàn lè tètè kọlù, kò rí àǹfààní kankan fún ọkàn.

Ewu wo ni ó wà níbẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ẹni tí a pààrọ̀ ilẹ̀kùn ọkàn fún ni ó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Fítámì E púpọ̀ lè fi kún agbára rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa dà. Fítámì C tí ó pọ̀ jù lè fa òkúta inú kíndìnrín. Àwọn ewébẹ̀ tútù ní fítámì K, tí ń dín agbára warfarin kù. Ṣùgbọ́n èyí kò túmọ̀ sí pé kí aláìsàn pa ẹ̀fọ́ tì. Kí ó máa jẹ ìwọ̀n kan náà déédéé, kí ó má sì pa àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ.

Kí ni kí a ṣe?

Ọsàn, ìbẹ́pẹ, tòmátì àti ẹ̀fọ́ ní àwọn èròjà wọ̀nyí ní ìwọ̀n tí ara mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fún aláìsàn ní oògùn oníhóró, kí ó gbé ìgò náà lọ han dókítà rẹ̀ kí ó tó lò ó, kí ó má sì fi rọ́pò èyí tí dókítà fún un. Ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ẹ ń bẹ aláìsàn wò, ẹ gbàdúrà fún wọn, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n ń lo oògùn wọn.